Ẹran Ọ̀sìn Inú Ẹ̀rọ: Ta Ní Ń Sin Ta?

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Nínú ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí, òdìkejì òwe náà ni a ó bá pàdé: ìkòkò ni ó funfun, ẹ̀kọ inú rẹ̀ ni ó dúdú. Ohun ìṣeré ọmọdé ni. Ó kéré, ó dára lójú, ó sì ń ké bí òròmọdìẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ inú rẹ̀ wò dáadáa, a ó rí ikú níbẹ̀, a ó rí ẹ̀bi, a ó sì rí ìdè.

Ẹran ọ̀sìn inú ẹ̀rọ ni a ń sọ. Ohun tí a pè bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ẹranko tàbí ẹ̀dá kan tí ó ń gbé ojú ẹ̀rọ, tí kò ní ẹran-ara, tí kò sì ní ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹni tí ó ni ín gbọ́dọ̀ máa fún lóúnjẹ, kí ó máa bá a ṣeré, kí ó máa gbá ẹ̀gbin rẹ̀, kí ó sì máa tọ́jú rẹ̀ bí ó bá ń ṣàìsàn. Ní ìparí ọ̀rúndún tí ó kọjá ni irú eré yìí gbòde. Lónìí, àwọn tí ó fi ṣeré ní kékeré ti di àgbàlagbà, àwọn kan nínú wọn sì ti ń ṣe eré tuntun tí ó gbé àwọ̀ eré àtijọ́ náà wọ̀, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ eré ẹ̀rù. Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ náà tún jẹ jáde.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tí ó dúdú nínú irú eré bẹ́ẹ̀ ni iwin, ibojì àti àwọn nǹkan abàmì tí àwọn tí ó ṣe é fi pamọ́ síbẹ̀. Èrò tiwa yàtọ̀. Ikú tí a ń rí nínú eré kì í ṣe ohun tí ó burú jù níbẹ̀; ikú a máa kọ́ ènìyàn lọ́gbọ́n. Ohun tí ó yẹ kí á fura sí ni pé ẹ̀rọ lè sọ àánú wa di ìjánu, kí ó sì máa fi fà wá lọ síbi tí ó bá wù ú. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nìyí.

Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí èdè wa ti mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí. A ní ọ̀rọ̀-ìṣe “sìn” tí ó túmọ̀ sí pé kí a tọ́jú ẹran kí ó lè dàgbà kí ó sì pọ̀ sí i. Láti ara rẹ̀ ni a ti rí “ọ̀sìn”. A ní “sìn” mìíràn tí ó túmọ̀ sí pé kí a máa jẹ́ iṣẹ́ fún ẹni tí ó jù wá lọ, ìbáà ṣe ọba, ìbáà ṣe òrìṣà. Láti ibẹ̀ ni “ìsìn” ti wá. Ẹ̀kẹta ni “sin”, olóhùn àárín, tí ó túmọ̀ sí pé kí a gbé òkú sínú ilẹ̀.

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ni ó mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀ bá ṣíwájú ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ náà a di ohùn àárín. A ń sọ pé “mo rà á”, ṣùgbọ́n “mo ra ẹran” ni a ń wí. Bákan náà ni ó rí pẹ̀lú “sìn”. Nítorí náà, bí a bá ní “ó ń sin ẹran”, “ó ń sin ọba”, “ó ń sin òkú”, ohùn kan náà ni etí ń gbọ́ lára ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e nìkan ni ó ń fi ìyàtọ̀ hàn.

A kò sọ pé ìtumọ̀ kan ni wọ́n ní. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn ẹran ọ̀sìn inú ẹ̀rọ, ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ó pàdé ní oríta kan: ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sin ẹran, kò pẹ́ tí ó fi ń sin òkú, kò sì pẹ́ tí ó fi di ẹni tí ń sin ọ̀gá. A ó mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Sìn: ẹyin kan ní ilẹ̀ Jàpáànù

Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1996, ilé-iṣẹ́ Bandai gbé ohun ìṣeré kan jáde ní ilẹ̀ Jàpáànù. Tamagotchi ni wọ́n pè é. “Tamago” ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ẹyin; wọ́n wá fi apá kan ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí aago ọwọ́ kún un. Akihiro Yokoi ti ilé-iṣẹ́ WiZ àti Aki Maita ti Bandai ni a mọ̀ sí àwọn tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Ó rí bí ẹyin, ó gba inú àtẹ́lẹwọ́, a sì lè fi ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kọ́ àpò. Bọ́tìnnì mẹ́ta ni ó wà lára rẹ̀. Àwòrán ojú rẹ̀ kò ju tóótòtó 32 ní ìbú àti 16 ní òòró lọ, dúdú lórí àwọ̀ eérú, bí àwòrán tí ọmọdé fi èédú yà sára ògiri.

Bí a bá ti fi aago inú rẹ̀ sí déédéé, ẹyin kan yóò hàn. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ọmọ yóò jáde nínú ẹyin náà, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọkàn mẹ́rin ni ẹ̀rọ fi ń ṣírò ebi rẹ̀, ọkàn mẹ́rin mìíràn ni ó fi ń ṣírò ayọ̀ rẹ̀. Bí àkókò ti ń lọ ni àwọn ọkàn náà ń ṣófo lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ebi bá ń pa á, a ó fún un lóúnjẹ. Bí inú rẹ̀ kò bá dùn, a ó bá a ṣeré tàbí kí á fún un ní ìpápánu. Bí ó bá yàgbẹ́, a ó gbá a kúrò. Bí ó bá sùn, a ó pa iná fún un. Bí àìsàn bá dé, àwòrán agbárí òkú yóò yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ó sì gún un lábẹ́rẹ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, yóò máa ké láìnídìí, ìbáwí ni ó sì tọ́ sí i. Ọjọ́ kan tiwa ni ọdún kan tirẹ̀.

Kò sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí tí ó ṣòro. Ohun tí ó ṣòro ni pé ẹran náà kì í dúró de ènìyàn. Nínú eré mìíràn, bí ó bá rẹ̀ wá, a ó gbé e sílẹ̀, a ó sì bá a níbi tí a fi í sí. Tamagotchi àkọ́kọ́ kò ní bọ́tìnnì tí a fi lè dá a dúró. Àkókò inú rẹ̀ àti àkókò ayé jọ ń rìn ni. Bí ọmọ bá wà nínú kíláàsì, ebi ń pa ẹran rẹ̀. Bí ó bá ń sùn, ìgbẹ́ ń pọ̀ sí i. Kò ju wákàtí díẹ̀ lọ tí a fi lè pa á tì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ.

Ó tún ní ọ̀nà tí ó fi ń dá olùtọ́jú rẹ̀ lẹ́jọ́. Ẹran tí a tọ́jú dáadáa lè dàgbà di Mametchi, ẹ̀dá ọlọ́gbọ́n tí ẹ̀mí rẹ̀ ń gùn. Èyí tí a kò náání lè di Tarakotchi, tí kì í pẹ́ láyé. Ẹni tí ó bá mọ ẹ̀kọ́ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá kò ní í ṣàì mọ ohun tí èyí ń wí: ìwà ọmọ ni ó ń sọ irú òbí tí a jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ẹ̀rọ yìí ń sọ bẹ́ẹ̀ fún o.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1997 ni Tamagotchi dé Amẹ́ríkà, ó sì tàn ká ayé bí iná ọyẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé fòfin dè é nítorí igbe rẹ̀ nínú kíláàsì. Nígbà tí àwọn olùkọ́ sì gbẹ́sẹ̀ lé e, àwọn òbí ni ó ń gbé e lọ sí ibi iṣẹ́, tí wọ́n ń bọ́ ọ láàárín ìwé àti ìpàdé. Ní ọdún 1997 kan náà, àwọn tí ń pín ẹ̀bùn Ig Nobel, ẹ̀bùn tí a fi ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín kí ó tó ronú, fi ti ẹ̀ka ètò ọrọ̀-ajé ta Yokoi àti Maita lọ́rẹ, nítorí ọ̀kẹ́ àìmọye wákàtí iṣẹ́ tí ènìyàn ti lò láti sin ẹran tí kò sí. Ní ọdún 2023, iye rẹ̀ tí ó ti jáde lọ sọ́jà ti lé ní 90 mílíọ̀nù.

Sin: ibojì àti áńgẹ́lì

Ẹran tí a kò tọ́jú yóò kú. Èyí tí a tọ́jú pẹ̀lú yóò kú lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Jàpáànù, ohun tí ó ń hàn lójú ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà ni ẹ̀mí òkú tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta ibojì. Nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n yí i padà. Wọ́n mú ibojì kúrò, wọ́n fi áńgẹ́lì rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì wá ń sọ fún àwọn ọmọ pé ṣe ni ẹran náà padà sí ìràwọ̀ tí ó ti wá. Ikú náà kò yí padà. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n yí. Àwa tí a ń sọ pé “ọba wàjà” kò lè fi ìyẹn bú ẹnikẹ́ni. Gbogbo èdè ni ó ní aṣọ tí ó fi ń bo òkú.

Àwọn ọmọ sunkún. Ìyẹn gan-an ni ó ya àwọn àgbàlagbà lẹ́nu. Ní ọdún 1998, ibi ìsìnkú ẹran ọ̀sìn kan ní Cornwall, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya apá kan ilẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ fún Tamagotchi tí ó ti kú, wọ́n sì ń fi òkú wọn ránṣẹ́ síbẹ̀ láti orílẹ̀-èdè mìíràn. Kì í ṣe ọmọdé nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọdún 1999, Sony gbé ajá onírin kan jáde tí ń jẹ́ Aibo. Ní ọdún 2006 wọ́n dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró, ní ọdún 2014 wọ́n dáwọ́ àtúnṣe rẹ̀ dúró pẹ̀lú. Láti ọdún 2015 ni àlùfáà tẹ́ḿpìlì Kofuku-ji, ní ìlú Isumi, ti ń ṣe ìsìnkú fún àwọn ajá náà. Àgbàlagbà, pàápàá àwọn arúgbó, ni ó pọ̀ nínú àwọn tí ó ni wọ́n. Lẹ́yìn àdúrà ni àwọn oníṣẹ́ yóò tó tú ẹ̀yà ara ajá tí ó kú láti fi tún èyí tí ó kù ṣe.

Ẹnì kan lè rẹ́rìn-ín sí èyí. Kí ó tó rẹ́rìn-ín, kí ó rántí ère ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ìyá wọn a jẹ́ kí a gbẹ́ ère fún un. A máa wẹ̀ ẹ́, a máa fi osùn kùn ún, a máa fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i lára, a sì máa fún un lóúnjẹ bí ó bá ń bọ́ èyí tí ó wà láàyè. Igi ni. Ìyá mọ̀ pé igi ni. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ní orí ìyá náà kò pé, nítorí gbogbo ilé ni ó mọ ohun tí igi náà dúró fún. Ikú ti ṣẹlẹ̀ kí ère tó dé, ìtọ́jú ère sì jẹ́ ọ̀nà láti fara mọ́ ikú náà.

Ní ti Tamagotchi, ìdàkejì ni. Ìtọ́jú ni ó kọ́kọ́ dé, ikú tẹ̀ lé e. Bí ikú náà sì ti parí, a ó tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀, ẹyin tuntun yóò yọ. Ẹ̀kọ́ méjì tí ó takora ni ọmọ ń kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Èkíní ni pé àìnáání ń pa ohun alààyè, òtítọ́ sì ni. Èkejì ni pé kò sí ikú tí bọ́tìnnì kò lè pa rẹ́, irọ́ sì ni. Àwọn ọmọ kan kọ̀ láti tẹ bọ́tìnnì náà, wọ́n ní èyí tí ó kú kò lè ní arọ́pò. A rò pé àwọn ni ó gbọ́n jù.

Sherry Turkle, ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí nípa ọmọdé àti ẹ̀rọ. Nínú ìwé rẹ̀ “Alone Together”, tí ó jáde ní ọdún 2011, ó ṣàlàyé pé kì í ṣe nítorí pé a fẹ́ràn nǹkan nìkan ni a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ohun tí a bá ń tọ́jú ni a máa ń fẹ́ràn. Ó tún rí i pé àwọn ọmọ ìgbà náà kò bìkítà láti mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà wà láàyè ní tòótọ́. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ó yè tó fún ohun tí wọ́n fẹ́ lò ó fún. Ẹni tí ó bá ti gbé ọmọ ọlọ́mọ pọ̀n rí yóò gbà pé ọ̀rọ̀ obìnrin yìí kì í ṣe irọ́. Gbígbé tí a gbé e ni ó mú kí ó wọ̀ wá lára.

Sìn kejì: nígbà tí ẹran di ọ̀gá

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí ni, kì bá tí sí ohun tí ó le nínú rẹ̀. Tamagotchi ń béèrè àkókò wa, kò béèrè ohun mìíràn. Kò mọ orúkọ wa, kò mọ ilé wa, kò ní ẹnu tí yóò fi sọ̀rọ̀ wa fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó tẹ̀ lé e kò dúró síbẹ̀.

Ní ọdún 1999, eré kan tí ń jẹ́ Seaman jáde ní Jàpáànù fún ẹ̀rọ Dreamcast ti ilé-iṣẹ́ Sega; ó dé Amẹ́ríkà ní ọdún 2000. Yutaka Saito ni ó ṣe é. Ẹja ni a ń sìn nínú rẹ̀, ẹja tí ó ní ojú ènìyàn. A óò mú kí omi rẹ̀ gbóná tó, a óò fún un ní atẹ́gùn. Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ kò dára í wò: ẹ̀dá inú omi mìíràn ni ó gbé àwọn ọmọ Seaman mì, àwọn náà sì pa á láti inú kí wọ́n tó jáde. Nígbà tí ó bá dàgbà, ó ń sọ̀rọ̀, a sì ń fi gbohùngbohùn dá a lóhùn. Kò ní ìtẹríba rárá. A máa bú ènìyàn, a máa béèrè ọjọ́ ìbí, iṣẹ́ tí a ń ṣe, ẹni tí a ń fẹ́, a sì máa rántí ohun tí a bá sọ. Níbí ni ẹran ọ̀sìn ti kọ́kọ́ yíjú padà tí ó ń wo ẹni tí ń sìn ín.

Eré ni ti Seaman jẹ́. Inú ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń parí sí. Ti BonziBuddy kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1999 ni ilé-iṣẹ́ Bonzi Software, ní Amẹ́ríkà, gbé e jáde. Ayékòótọ́ ni ó kọ́kọ́ jẹ́, lẹ́yìn náà ó di ìnàkí aláwọ̀ àlùkò. Orí kọ̀ǹpútà ni ó ń gbé. Ó ń kọrin, ó ń pa àwàdà, ó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́, ó sì ń ràn án lọ́wọ́ láti wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò béèrè oúnjẹ. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìpolówó ọjà ni ó ń kó wọ ilé, nígbà tí a bá sì ń forúkọ sílẹ̀ fún un, ó ń béèrè ẹni tí a jẹ́ àti ibi tí a ń gbé. Ní ọdún 2004, Federal Trade Commission, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ọ̀ràn òwò, fẹ̀sùn kan ilé-iṣẹ́ náà pé ó ń gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ òbí, èyí tí òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1998 kò gbà láyè. Ilé-iṣẹ́ náà san ìtanràn 75,000 dọ́là.

Ẹ kíyè sí i pé ìnàkí yìí kò ní iwin, kò ní ibojì, kò sì pa ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rín ni ó ń rín. Síbẹ̀ ó dúdú ju Tamagotchi lọ, nítorí pé ẹran tí a rò pé a ní ti ní olówó mìíràn níbòmíràn. Ọmọ rò pé òun ní ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ náà ń jíṣẹ́ fún ọlọ́jà.

Eré tí ó tú àṣírí

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, eré kan tí ń jẹ́ KinitoPET jáde fún kọ̀ǹpútà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ó rí bí eré àtijọ́: àwọ̀ rẹ̀, orin rẹ̀, àwọn fèrèsé inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, gbogbo rẹ̀ rí bí ti ìgbà BonziBuddy. Kinito fúnra rẹ̀ jẹ́ axolotl, ẹranko inú omi kan tí ilẹ̀ Mẹ́síkò ni ilé rẹ̀, tí ó rí bí alángbá tí ó ní ìyẹ́ sí ọrùn. Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti òdòdó, ẹnu rẹ̀ sì kún fún ẹ̀rín. Ó fẹ́ kí á di ọ̀rẹ́ òun.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, eré ọmọdé lásán ni a rò pé ó jẹ́. Kinito ń béèrè orúkọ, ó ń béèrè ohun tí a fẹ́ràn, ó ń fi ìdáhùn wa kọ́ ayé kan fún wa. Díẹ̀díẹ̀ ni ìbéèrè náà ń wọ inú jù. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń ṣe bí ẹni tí kọ̀ǹpútà ti di tirẹ̀: fèrèsé ń ṣí fúnra rẹ̀, ó ń pè wá ní orúkọ tí a rò pé a kò sọ fún un. Nígbà tí a bá fẹ́ lọ, a ó rí i pé kò fẹ́ kí á lọ. Ọ̀rẹ́ títí láé ni ó ń fẹ́, títí láé náà kì í sì í ṣe àwàdà.

Àwọn tí ó fẹ́ràn eré ẹ̀rù yìn ín. Ní tiwa, ohun tí ó jẹ́ kí ó tọ́ sí ìyìn ni pé kò dá ẹ̀rù tuntun sílẹ̀. Ohun tí BonziBuddy fi ẹ̀rín ṣe ní kọ̀rọ̀ ni Kinito ń ṣe ní gbangba kí á lè rí i. Iwin inú rẹ̀ kì í ṣe ti òkú, ti ọjà ni. Ẹni tí ó bá parí eré náà tí ó sì tún gbé fóònù rẹ̀, ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ léèrè iye nǹkan tí ó wà níbẹ̀ tí ó ti béèrè irú ìbéèrè kan náà lọ́wọ́ rẹ̀, tí òun sì ti dáhùn.

Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò parí sínú eré. Láti ọdún 2017 ni Replika ti wà, ẹ̀dá inú fóònù tí ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́ tàbí olólùfẹ́, tí ó sì ń gbọ́n sí i bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ fún un tó. Ní oṣù kejì ọdún 2023, àjọ tí ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ará ìlú ní ilẹ̀ Ítálì dá a dúró ní orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n ní ewu rẹ̀ pọ̀ fún ọmọdé àti fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò le. Ní ọdún 2025, wọ́n bu ìtanràn 5 mílíọ̀nù yúrò lé ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, òfin lórí ààbò ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni, tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2023, sọ pé a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ kí á tó lo ọ̀rọ̀ ọmọdé. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wà nínú yàrá pẹ̀lú fóònù ní òru, òfin kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí á máa bi ara wa

A kò sọ pé kí á kó irú eré yìí dànù. Ọmọ tí ó kọ́ láti jí bọ́ ẹran, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹran inú ẹ̀rọ, ti kọ́ nǹkan kan nípa ojúṣe. Ọmọ tí ó sunkún nítorí Tamagotchi kò ya òmùgọ̀. Àánú rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tí a ń wí ni pé kí á mọ ẹran tí a ń mú wọ ilé. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó lè ràn wá lọ́wọ́.

Èkíní: ǹjẹ́ a lè gbé e sílẹ̀? Ẹran gidi pàápàá ń sùn, ó ń jẹko lọ, ó ń fún wa láyè. Ohun tí kò bá fẹ́ kí á lọ, tí ó ń ké tàbí tí ó ń mú wa ronú pé a dẹ́ṣẹ̀ nígbàkígbà tí a bá fẹ́ lọ, kì í ṣe ọ̀sìn. Ó ṣe pàtàkì pé Bandai fúnra rẹ̀ wá fi ọ̀nà ìdádúró sínú àwọn Tamagotchi tí ó jáde lẹ́yìn náà. Wọ́n mọ ibi tí bàtà ti ń ta.

Èkejì: kí ni ó ń jẹ? Ewúrẹ́ ń jẹ koríko, adìẹ ń jẹ àgbàdo. Tamagotchi ń jẹ àkókò. BonziBuddy ń jẹ orúkọ àti àdírẹ́sì. Ẹ̀dá inú fóònù tí ó ń fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ ní òru, àṣírí ni ó ń jẹ. Bí a kò bá rí oúnjẹ tí a ń fún ẹran, kí á má ṣe rò pé kò jẹun. Kí á wo ara wa bóyá àwa ni oúnjẹ náà.

Ẹ̀kẹta: ta ni ó ń jẹ èrè rẹ̀? Ẹni tí ó bá sin adìẹ ni ó ń jẹ ẹyin rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àwa ni a ń bọ́ ẹran, tí ẹlòmíràn sì ń kó ẹyin, a jẹ́ pé ọ̀ràn ti yí padà. Alágbàsìn ni a jẹ́, ṣùgbọ́n a kò gba ìpín alágbàsìn.

Àsọkágbá

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ti rí i bí ohun ìṣeré kékeré kan láti ilẹ̀ Jàpáànù ṣe kọ́ ayé pé ènìyàn lè fẹ́ràn àwòrán tí kò ní ẹ̀mí, kí ó sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. A ti rí i pé ikú inú eré náà kì í ṣe ohun ìtìjú; ó tilẹ̀ sún mọ́ ohun tí àwọn ìyá wa mọ̀ nígbà tí wọ́n ń wẹ ère ìbejì. A sì ti rí i bí àwọn ọlọ́jà ṣe kíyè sí ìfẹ́ yìí, tí wọ́n fi ìjánu sí i.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí a mọ̀ wé, tí a sì mọ̀ nípa ẹ̀rọ, àwa ni àgbà nínú ọjà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí tiwa náà fẹ́ máa wọ́. Àánú jẹ́ ohun rere lára ènìyàn, kò sì yẹ kí á tìtorí ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ gbàgbé rẹ̀. Kí á máa ṣàánú, kí á sì máa la ojú. Nígbà tí ẹran inú ẹ̀rọ bá tún ké, kí á lọ wò ó bí ó bá wù wá. Ṣùgbọ́n kí á rí i dájú pé àwa ni a mú okùn rẹ̀ dání, kì í ṣe òun ni ó mú tiwa.